Ṣé Mo Ti Di Iṣẹ́ Ni?

Kànìnkànìn ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Obìnrin olùkọ́ kan tó ń gbé Ìlọrin lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìlọ́fà ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ó wọ balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé láti ṣan ẹsẹ̀, ó sì bá kànìnkànìn lórí ìṣó, ó ti gan bí panla. Ọṣẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán. Aláǹtakùn ti ta òwú sẹ́nu garawa. Ìyá rẹ̀ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi pọ́dà sọ́rùn, ó wọ bùbá tó mọ́, ó ní òun ti wẹ̀ láàárọ̀, àní kí ilẹ̀ tó mọ́ pàápàá.

Wọn kò jà sí i. Ọmọ fa omi, ó gbé e kaná, ó bá ìyá rẹ̀ fọ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò tó gbé e padà sí Ìlọrin, kì í ṣe irọ́ ìwẹ̀ yẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Fóònù ni. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú láìpe ìyá náà, ìbéèrè kan náà sì ni gbogbo wọn ń bi í: "Màámi, ṣé ẹ ti jẹun?" Màámi a ní òun ti jẹun. Òótọ́ ni, ó ti jẹun. Wọ́n á dágbére, ọkàn wọn á balẹ̀.

Ní 1963, Sidney Katz, dókítà ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwọ̀n kan jáde tí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri ayé ṣì ń lò. Iṣẹ́ mẹ́fà ni wọ́n kà sílẹ̀: ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, lílọ sí ilé ìyàgbẹ́, dídìde lórí ibùsùn tàbí àga, dídá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró, àti oúnjẹ jíjẹ. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí agbára bá ń dín kù, ìwẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ arúgbó. Gbígbé òkèlè sẹ́nu ló ń kẹ́yìn. Bí ọmọ bá wá ń bèèrè oúnjẹ lójoojúmọ́, ohun tí yóò kẹ́yìn bàjẹ́ ló ń bèèrè. Ọjọ́ tí ìyá bá dáhùn pé òun kò lè dá jẹun mọ́, nǹkan márùn-ún yòókù ti lọ tipẹ́.

Ìwẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlọ́fà wà, tún yàtọ̀ sí ti ibi tí omi ti ń yọ lára ògiri. Ìyá á fa omi nínú kànga, tàbí kó dúró de ọmọ tí yóò bá a pọn ọ́n. Á gbé garawa gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, á gun àtẹ̀gùn tí kò sí ohun tí ọwọ́ lè dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ lórí símẹ́ǹtì tí ọṣẹ ti mú kó máa yọ̀. Arúgbó tó bá ti yọ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ọgbọ́n ló fi pa ìwẹ̀ tì. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìgbàgbé. Ó ti ṣírò rẹ̀ pé pọ́dà kì í ṣẹ́ egungun ìbàdí ẹni.

Ní 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí àwọn arúgbó káàkiri ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Kwara wà níbẹ̀. Àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lé ní 2,000. Bí mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ni kò lè dá àwọn iṣẹ́ ojoojúmọ́ kan ṣe mọ́. Ìyẹn ni pé púpọ̀ jù lọ ṣì ń dá a ṣe. Ó yẹ kí á rántí ìyẹn pẹ̀lú, nítorí àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀rù á bà débi pé wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó ṣì lágbára; wọ́n á ní kó má gbálẹ̀, kó má dáná, kó má dé ìdí àgbàdo ẹ̀yìnkùlé, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi gan lóòótọ́. Ẹni tó tètè gba olùtọ́jú lè ṣe ìpalára bí ẹni tó pẹ́ gbà á.

Ọmọ mẹ́rin ni ìyá yìí bí: olùkọ́ tó wà ní Ìlọrin, àgbẹ̀ tó wà ní Ìlọ́fà níbẹ̀, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ṣe ìpàdé. Olùkọ́ ní àsìkò ti tó láti gba ẹni tí yóò máa tọ́jú Màámi. Ará Èkó ní òun á san tòun. Àgbẹ̀ ni kò gbà. "Kí ni àwọn ará ìlú yóò sọ? Pé a gbé ìyá wa fún alágbàṣe?" Ó wá fi òwe tì í lẹ́yìn: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ó tó ọjọ́ kan gbáko kí ẹnikẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ fi lé e.

Òwe náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà ní agbègbè Òsì àti Ìlọ́fà mọ̀ pé kì í ṣe ọmú ọmọ nìkan ni òkété ti ń mu. Olùkọ́ náà rántí ìyá bàbá rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá àgbà yẹn kò gbé e mọ́, ọmọbìnrin kan ni wọ́n mú wá láti abà, ọmọ ìbátan kan tí okùn ìbátan rẹ̀ gùn débi pé kò sẹ́ni tó lè tọpa rẹ̀ tán. Òun ló ń pọnmi, òun ló ń da póò, òun ló ń sùn sí ìdí bẹ́ẹ̀dì. Kíláàsì kẹrin ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀. "Ọmọ wa" ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ìyá àgbà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ dá aṣọ ẹbí, wọ́n pa màlúù, gbogbo ìlú sì yìn wọ́n pé wọ́n tọ́jú ìyá wọn dójú ikú. Ọmọbìnrin náà gba ìró kan, ó padà sí abà.

Agbègbè yìí ló ni Aréògún ará Òsì, tó kú ní 1954, àti Bámigbóyè ará Odò-Ọ̀wá, àwọn agbẹ́gilére tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà ní mùsíọ́ọ̀mù òkè òkun lónìí. Ìyá tí ọmọ yí ká wà lára ohun tí àwọn agbẹ́gilére ibẹ̀ máa ń gbẹ́ sórí ère Ẹpa: obìnrin ńlá láàárín, àwọn kéékèèké lẹ́yìn rẹ̀ àti lórí itan rẹ̀. À ń wo irú ère bẹ́ẹ̀, à ń ní ọlá ọmọ nìyẹn. Èwo nínú àwọn kéékèèké yẹn ni obìnrin náà bí, èwo ni wọ́n mú wá láti abà, igi kò sọ.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 ní ọmọ gbọ́dọ̀ wà nílé ìwé títí yóò fi parí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn tó jáde lẹ́nu àgbẹ̀, nígbà tí òwe òkété kò dá ìjíròrò náà dúró, ni pé kí wọ́n kúkú wá ọmọ kékeré kan tí yóò máa bá Màámi gbé. Ìtìjú tó mú un nítorí àgbàlagbà tí yóò gba owó oṣù kò mú un rárá nítorí ọmọdé tí kò ní gba nǹkan kan.

Wọ́n wá sọ fún Màámi. Wọn kò bi í léèrè o. Wọ́n sọ fún un ni. Ó gbọ́ wọn tán, ó ní, "Ṣé mo ti di iṣẹ́ ni?"

Ìdáhùn tó yá sẹ́nu ọmọ ni "Ká má rí i, Màámi." Gbogbo wọn ló fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà kò lè gba ìdáhùn ara rẹ̀ gbọ́. Ìyá wọn ti di iṣẹ́, ó ti pẹ́ díẹ̀, ẹnì kan ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà lábẹ́ imú gbogbo wọn.

Ìyàwó àgbẹ̀ ló là á yé wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ní ẹ ń wá ẹni tí yóò tọ́jú Màámi. Ta ni ẹ rò pé ó ń fọ aṣọ wọn láti ọdún tó kọjá? Ta ló ń sáré wá lóru bí wọ́n bá pè? Ìwẹ̀ nìkan ni wọn kò jẹ́ kí n bá wọn dá sí. Wọ́n ní ìyàwó ọmọ àwọn kò ní rí ìhòòhò àwọn. Ṣọ́ọ̀bù mi, ọjọ́ mélòó ni mo ń ṣí i lọ́sẹ̀ mọ́?" Kò sẹ́ni tó fèsì. Ó bá kúkú sọ ọ́ tán: bí owó bá wà fún àlejò, kí wọ́n san díẹ̀ nínú rẹ̀ fún òun.

Ìyàwó ilé yóò gba owó kó tó tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀! Ará Èkó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Irú rẹ̀ wà. Ní 1976, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ọ̀sẹ̀ fún ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú aláìlera, ṣùgbọ́n wọ́n yọ obìnrin tó wà nílé ọkọ kúrò nínú rẹ̀; èrò wọn ni pé ilé ni yóò kúkú wà. Jacqueline Drake, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú ìyá rẹ̀, kò gbà fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ Yúróòpù, ilé ẹjọ́ náà sì dá a láre ní 1986, ọdún kan náà tí ìjọba yí òfin padà. Ní 2025, owó náà jẹ́ £83.30 lọ́sẹ̀, fún ẹni tó ń fi wákàtí 35, ó kéré tán, tọ́jú ẹlòmíràn. Kò tó nǹkan, àwọn tó ń gbà á kì í sì í yé ráhùn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá ni Òyìnbó fi ń sọ ohun tí ará Èkó ń sọ lórí WhatsApp yẹn, kó tó di pé wọ́n jáwọ́ níbẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn, èyí tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ìtàn náà fún wọn, nítorí inú iṣẹ́ ìtọ́jú ló wà. Fisà òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ló gbé e lọ, èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú ní oṣù kejì 2022. Ní oṣù kẹta 2024 wọ́n ní ẹni tó ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ kó aya tàbí ọmọ lẹ́yìn mọ́. Nígbà tó di oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ẹni tuntun láti òkè òkun pátápátá. Àràárọ̀ ni ọmọ Ìlọ́fà yìí ń wẹ bàbá oníbàbá. Àwọn kan á fi èyí kọ orin arò. Kò pọn dandan. Iṣẹ́ ni, ó ń gba owó rẹ̀, ohun tó sì kọ́ níbẹ̀ ló wá wúlò fún wọn: pé kí a kan ilẹ̀kùn kí a tó wọlé bá arúgbó, kí a sọ ohun tí a fẹ́ ṣe kí ọwọ́ wa tó kàn án, kí táwẹ́lì wà lórí ibi tí a kò tíì fọ̀, kí ẹni tí a ń wẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó. Ó tún ní kí wọ́n má tíì wá ènìyàn rárá, kí wọ́n kọ́kọ́ wá wẹ́ẹ̀dà. Wẹ́ẹ̀dà wá, ó so páìpù irin mọ́ ògiri balùwẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n sì gbé àga oníke kan síbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Màámi dá wẹ̀. Kì í ṣe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó wẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iye owó ló tún dá wọn dúró. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà ti di ₦70,000 láti 2024, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kò de ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Nítorí náà, ohun tó bá wu onílé ló lè fún olùtọ́jú, òfin yìí kò ní bi í. Àbígbẹ̀yìn ṣírò tirẹ̀ fún wọn: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, wákàtí kan kò gbọ́dọ̀ dín ní £12.21, láti oṣù kẹrin 2025. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, kí wọ́n tó yọ owó orí, ju owó oṣù méjì lọ ní ₦70,000. Kò sọ ọ́ láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ó sọ ọ́ nítorí pé àgbẹ̀ ti dábàá iye kan tí kò lè ra àpò ìrẹsì kan.

Wọ́n bá ajẹ́ńtì kan ní Ìlọrin sọ̀rọ̀. Ó ní òun ní obìnrin tó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ibi tí ilé wà, ohùn rẹ̀ yí padà. Kò ṣeé bá jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì 2024 ni wọ́n pa ọba Koro sínú ààfin rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC kan ní Eruku nígbà ìsìn, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó àwọn mìíràn wọ igbó. Ènìyàn 38 ni ìjọba kéde lẹ́yìn náà pé ó gba ìtúsílẹ̀. Ìlú méjèèjì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara, tí ó bá Òkè-Ẹ̀rọ̀ pààlà. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ láti Ìlọrin ní ẹ̀tọ́ láti rò ó. Olùkọ́ náà wá ní kí Màámi máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Màámi ní ta ni yóò máa ṣí ilẹ̀kùn fún bàbá wọn, ẹni tí sàréè rẹ̀ wà níwájú ilé. Ó dà bí àwàdà, kò sì rẹ́rìn-ín.

Abuja ní àjọ kan fún àwọn àgbàlagbà, National Senior Citizens Centre, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí ìlànà kan lórí ọjọ́ ogbó ní 2021. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ti ní ẹ̀ka ìtọ́jú arúgbó tó dá dúró láti 2012. Fún ará Ìlọ́fà, ilé ìwòsàn Ìdó-Èkìtì àti ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, tí àwọn míṣọ́nnárì SIM dá sílẹ̀, ló sún mọ́ ìtòsí. Nínú ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi wò, ibẹ̀ náà ni dókítà ti bi í lóṣù wo ni a wà, kí ló jẹ lánàá, èèló ni ṣéńjì rẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ṣeréṣeré. Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn arúgbó àdúgbò Ìdíkàn lórí àrùn ìgbàgbé, tí wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 65, àrùn náà ń mú 1.35 lọ́dún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 3.24 ní Indianapolis. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà, bí a sì ti ń pè é ní àjẹ́ tàbí àfọwọ́fà, ìtọ́jú ń pẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀ nínú ilé ni olùtọ́jú. Ìyá á tọ́jú owó pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, á gbàgbé, á ní obìnrin náà ló jí i. Àwọn ọmọ á lé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á mú òmíràn wá, owó á tún sọnù. Ó dára kí á mọ ohun tó ń ṣe ìyá kí á tó mọ irú ẹni tí a ó mú wá bá a.

Ní ti Màámi, orí rẹ̀ pé. Òun ló wá yan ẹni tí ó fẹ́: opó kan nínú ìjọ rẹ̀, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, tí Màámi mọ ìyá rẹ̀. Obìnrin náà kì í ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n sì sọ fún un pé abẹ́rẹ́ àti dírípù kò kàn án. Òwúrọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni tirẹ̀: ìwẹ̀, aṣọ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyàwó ilé gba ọjọ́ yòókù, wọ́n sì fẹnu kò lórí iye tirẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n má kọ ọ́ sínú ìwé. Olùkọ́ kọ ọ́. Ó tún kọ ti opó náà, pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ àti orúkọ onídùúró méjì.

Ó ku ẹyọ ohun kan tí Màámi ní òun kò ní gbà láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òun ni kí wọ́n máa fi gbogbo owó náà sí. Òun ni yóò máa san án fún obìnrin méjèèjì ní ìparí oṣù. Àgbẹ̀ ní yóò gbàgbé. Kò gbàgbé. Oṣù àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Ní oṣù kejì, ó yọ ₦500 nínú owó opó náà nítorí Sátidé kan tó pẹ́ dé, ó sì fi ₦500 kan náà kún ti ìyàwó ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ pè é láti Ìlọrin pé kò sí irú ìyẹn nínú àdéhùn. Màámi ní kó ka ìwé náà sí òun létí.